Bí a ṣe ná yàrá mẹ́rin fún àwọn àna wa ní Chicago

Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2013 ni àbúrò mi obìnrin ṣe ìgbéyàwó ní Chicago. Ọ̀nà jíjìn ni ìdílé ọkọ ti ń bọ̀: bàbá àti màmá ọkọ láti Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n ọkọ àti ìyàwó rẹ̀ láti Houston, àǹtí wọn kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin láti Maryland, àti àbúrò ọkọ méjì tí wọ́n ṣì wà nílé ìwé. Àwa ìdílé ìyàwó la gbà á lọ́ràn pé a ó wá ibi tí wọ́n máa dé sí. Yàrá mẹ́rin ni, òru mẹ́ta, láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ di àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú. Gbọ̀ngàn tí a fẹ́ lò wà ní River North, àárín ìlú gan-an.

Ilé tiwa ò lè gbà wọ́n. Yàrá kan àti pálọ̀ ni àbúrò mi ń gbé. Èmi náà ti gba Màmá wa àti àwọn ẹ̀gbọ́n Màmá méjì tí wọ́n bá a wá sọ́dọ̀, àyè ò sì ṣẹ́ kù. Bí àyè bá tiẹ̀ wà, àna tuntun ni wọ́n, ta ló máa tẹ́ ẹní fún wọn ní pálọ̀? Màmá ò fi ohun tó fẹ́ sábẹ́ ahọ́n sọ: "Ibi tí ìyá ọkọ ọmọ mi bá máa sùn sí, kó jẹ́ ibi tó lè ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé."

Dọ́là 1,200 la rí kó jọ fún un. Mo wo àwọn ilé ìtura oníràwọ̀ mẹ́rin tó súnmọ́ gbọ̀ngàn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú wọn ń gba 169 dọ́là lórí yàrá kan lóru kan, kí wọ́n tó gbé owó orí lé e. Owó orí ilé ìtura ní Chicago nígbà náà lé ní 16%. Ẹ ṣírò yàrá mẹ́rin fún òru mẹ́ta, ó ti lé ní 2,300 dọ́là. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó wa.

Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí ìkànnì Priceline nìyẹn, níbi tí oníbàárà fúnra rẹ̀ ti ń dá iye tó fẹ́ san nígbà náà. Jay Walker ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ọdún 1998 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tajà. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi yàrá ilé ìtura kún un. Name Your Own Price ni wọ́n pe ètò náà, òṣèré William Shatner ló sì ń polówó rẹ̀ káàkiri tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé ẹ̀rí pé àwọn ló ni ọgbọ́n náà, ẹlòmíì ò sì gbọdọ̀ lò ó láìgba àṣẹ. Nígbà tí Expedia, ìkànnì ìrìnàjò tó jẹ́ ti Microsoft nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ohun tó jọ ọ́, Priceline pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1999, wọn ò sì parí ìjà títí di 2001 tí Expedia fi gbà láti máa san owó fún wọn.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nígbà náà nìyí. Ẹ máa yan ìlú àti ọjọ́. Wọ́n ti pín ìlú sí agbègbè lórí máàpù, ẹ máa mú agbègbè kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa yan iye ìràwọ̀. Ẹ ó kọ iye tí ẹ lè san fún yàrá kan lóru kan, ẹ ó kọ orúkọ ẹni tó máa sùn síbẹ̀, ẹ ó fi nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀, ẹ ó sì fọwọ́ sí i. Ní gbogbo àsìkò yìí, orúkọ ilé ìtura ò hàn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, èsì á dé. Bí wọ́n bá gbà, owó ti kúrò lórí káàdì yín, ìgbà yẹn ni ẹ ó tó mọ ibi tí ẹ rà. Wọn kì í dá owó padà, ẹ ò lè yí ọjọ́ padà, ẹ ò sì lè gbé e fún ẹlòmíì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ò lè kàn fi dọ́là kan lé e kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ yí nǹkan mìíràn padà: kí ẹ fi agbègbè kún agbègbè, tàbí kí ẹ yí ìràwọ̀ tàbí ọjọ́ padà. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di wákàtí mẹ́rìnlélógún sí i.

Màmá fà àga, ó jókòó tì mí nídìí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó ní:

"Ṣé àna mi lo wá fẹ́ máa ná bí ẹni ná tòmátì?"

"Ẹ má bínú, Mà. Yàrá là ń ná."

"Bí wọ́n bá wá kó wọn sí ibi tí kò dáa ńkọ́?"

Mo sọ fún un pé bí a bá yan ìràwọ̀ mẹ́rin, wọn ò lè fún wa ní ohun tó kéré sí i. Wọ́n lè fún wa ní èyí tó jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í jábọ́ sísàlẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ pé kò sí ìdápadà, mo rò pé ibẹ̀ ni yóò ti kọ̀ jálẹ̀. Ó kàn mi orí pé òun gbà ni. "Ìyẹn ò burú. Ẹni tó bá ná ọjà tí wọ́n tà á fún un, kó sanwó. Bó bá kúrò nídìí igbá láìsanwó, èébú ni yóò máa gbọ́ dé ọ̀nà ilé."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ló yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ná yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi sọ́kàn. Lọ́jà, èèyàn lè máa ronú nígbà tó ń ná an lọ́wọ́: á gbé e wò, á fọwọ́ pa á, á yíjú sí ìsọ̀ kejì. Níbi tí à ń sọ yìí, kó tó kọ iye sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti ronú tán. Ẹni tó bá dá 60 dọ́là láìmọ̀ pé yàrá náà ń lọ ní 58 ní gbangba ti ra ọjà ọ̀wọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ni láti mọ iye tí ọjà ń lọ. Mo lọ sórí Hotwire, ìkànnì mìíràn tó ń ta yàrá ilé ìtura. Àwọn náà máa ń fi orúkọ ilé ìtura pamọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ iye síta. Yàrá oníràwọ̀ mẹ́rin ní agbègbè tí a fẹ́ wà níbẹ̀ ní 94 dọ́là lóru kan fún ọjọ́ wa. Ohun tí 94 yìí ń sọ fún mi ni pé ilé ìtura kan ti wà tó ṣetán láti gba owó tó kéré sí iye yẹn lábẹ́lẹ̀, nítorí Hotwire náà gbọ́dọ̀ jẹ tirẹ̀. Tí mo bá wá dá 94 lórí Priceline, àǹfààní wo ni mo rí? Ìsàlẹ̀ rẹ̀ la máa máa wò.

Èkejì, àkókò. Nínú oṣù kejì, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti orí adágún Michigan kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ ya Chicago, yàrá sì máa ń ṣófo. Àmọ́ bí àpérò ńlá bá wọ McCormick Place, gbọ̀ngàn àpérò ìlú náà, gbogbo àárín ìlú á kún, ẹnikẹ́ni ò sì ní gba owó kékeré lọ́wọ́ yín. Ìpàtẹ ọkọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ lóṣù kejì ti parí kó tó kan ọjọ́ tiwa. Mo wo kàlẹ́ńdà wọn dáadáa, mi ò rí nǹkan ńlá kankan lópin ọ̀sẹ̀ náà.

Ẹ̀kẹta ni agbègbè, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Mo ti sọ pé bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi agbègbè kún un kí ẹ tó lè fowó kún un. Ẹni tí kò fara balẹ̀ á fi agbègbè tó jìnnà kún un, wọ́n á sì tà á ní yàrá lẹ́bàá pápákọ̀ òfúrufú, nígbà tó jẹ́ pé àárín ìlú ló ń wá. Bí ẹ bá mú agbègbè kan ṣoṣo lórí máàpù náà, ìkànnì náà á fi ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀ hàn, á sì pa ojú àwọn tí kò sí dé. Mo ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Agbègbè Midway, fún àpẹẹrẹ, kò ní oníràwọ̀ mẹ́rin kankan, kò sì ní èyí tó ju mẹ́rin lọ. Bí mo bá fi Midway kún River North tí mo sì ń béèrè ìràwọ̀ mẹ́rin, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé mi lọ sí Midway. Mo kàn ti rí àǹfààní láti tún owó dá lójú ẹsẹ̀ ni. Àwọn agbègbè bẹ́ẹ̀ ò pọ̀, mélòó kan ni mo rí. Ẹyọ kan ni ẹ ó máa ná fún ìgbìyànjú kan, bí wọ́n bá sì tán, ó di ọ̀la.

Màmá béèrè ìdí tí ilé ìtura ńlá á fi gbà láti ta yàrá 169 ní ìdajì. Yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí lálẹ́ òní, owó òní ti bọ́ lọ́wọ́ olúwa rẹ̀ nìyẹn. Kò ṣeé kó pamọ́ di ọjà ọ̀la. Ṣùgbọ́n tó bá kọ 80 síta, ẹni tó ti fẹ́ san 169 náà á ní 80 lòun fẹ́ san. Ló ṣe jẹ́ pé lábẹ́ aṣọ ló máa ń tà á, fún ẹni tí kò bìkítà orúkọ ilé tó máa sùn sí. Màmá ní, "Ìparí ọjà ni wọ́n ń tà," ó sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ti yé e.

Ohun kan ṣì wà tí a ò fẹnu kò sí lé lórí. Ṣé ká ná yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ni, àbí méjì méjì? Bí a bá ná an pọ̀, ilé ìtura kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ní yàrá mẹ́rin tó fẹ́ gbé sílẹ̀ ní owó kékeré, ìyẹn sì máa ń le. Bí a bá pín in, ó máa tètè bọ́ sí i, ṣùgbọ́n àwọn àna lè dé kí bàbá ọkọ wà lápá kan ìlú, kí ọmọ rẹ̀ wà lápá kejì. Màmá ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀: "Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ibi kan ni kí wọ́n wà." A fi pípín in sẹ́yìn bí ọ̀nà àbáyọ.

Mo ṣírò owó orí àti owó iṣẹ́ tí Priceline máa ń gbé lé e, mo rí i pé bí iye tí a dá bá ti kọjá 83 dọ́là, owó wa ò ní tó. Mo kọ 83 sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

A bẹ̀rẹ̀ ní 60, River North nìkan. Wọ́n kọ̀. Mo fi Midway kún un, mo dá 66. Wọ́n kọ̀. Mo tún fi agbègbè mìíràn tó wà lẹ́yìn ìlú kún un, mo dá 72. Wọ́n kọ̀, ṣùgbọ́n èsì ti ìgbà yìí yàtọ̀. Wọ́n ní bí a bá lè gbé e sí 89, àwọn á tún un gbìyànjú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo ní, "Mà, 89 ti ju owó wa lọ."

Màmá na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ó ń pè ọ́ padà. Ọlọ́jà tó bá ti pe èèyàn padà, ó fẹ́ tà. Má gbà á."

Òótọ́ ni. Bí kò bá sí ilé ìtura kankan tó súnmọ́ iye wa, kí ló kàn wọ́n láti pè wá? Mo fi agbègbè kan kún un nínú àwọn tó ṣẹ́ kù sínú ìwé mi, mo kọ 78. A ń wo ojú kọ̀ǹpútà, òbìrípo kékeré náà ń yí. Ìgbà tó dúró, orúkọ ilé ìtura ló jáde, ilé gogoro kan lẹ́bàá odò Chicago, tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé gbọ̀ngàn. Màmá sọ pé kí n ṣí fọ́tò rẹ̀, ó wo yàrá, ó wo balùwẹ̀, ó wo ibi àbáwọlé. "Ó dáa. Ó lè yà á ránṣẹ́."

Yàrá mẹ́rin fún òru mẹ́ta ní 78 jẹ́ 936. Pẹ̀lú owó orí àti owó iṣẹ́, ó lé díẹ̀ ní 1,120. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú 1,200 ò tó nǹkan, ó sì ṣe dáadáa tó ṣẹ́ kù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí síbí. Priceline ò ṣèlérí ju yàrá tó lè gba àgbàlagbà méjì lọ. Wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀dì méjì ló máa wà níbẹ̀. Fún tọkọtaya, kò sí wàhálà. Àǹtí Maryland àti ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Àbúrò ọkọ méjèèjì, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, ńkọ́? Mo pe ilé ìtura náà fúnra mi lọ́jọ́ kejì. Mo fi orúkọ kálukú sí yàrá rẹ̀, nítorí orúkọ bàbá ọkọ nìkan ni mo kọ sílẹ̀ nígbà tí mò ń ná an, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sì sí níwájú wọn, wọn ò ní fún ní kọ́kọ́rọ́. Mo bẹ̀ wọ́n fún bẹ́ẹ̀dì méjì nínú yàrá méjì. Obìnrin tó gbé fóònù ní òun á kọ ọ́ sílẹ̀, òun ò lè ṣèlérí. Mo tún pè ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ gan-an, nítorí àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ ni wọ́n máa ń pín yàrá. Àǹtí rí bẹ́ẹ̀dì méjì. Àwọn àbúrò ọkọ ò rí i. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń ká ni wọ́n gbé wá fún wọn, wọ́n sì gba owó díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dójú tini ni kọ́ńtà ilé ìtura náà lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo gbé Bàbá àti Màmá ọkọ láti pápákọ̀ òfúrufú O'Hare. Màmá ọkọ we gèlè, wọ́n fi kóòtù tí a mú lọ bá wọn bo aṣọ ìrìnàjò, ọwọ́ wọn ti tutù bíi yìnyín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní kọ́ńtà rẹ́rìn-ín sí wọn, ó rí orúkọ Bàbá, ó gba páásípọ́ọ̀tù, ó wá ní kí wọ́n mú káàdì wá. Bàbá yọ káàdì bánkì wọn láti ilé. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Wọ́n tún un fà, ó tún kọ̀. Bàbá wá fa àpò ìwé kan yọ nínú àpò àwọ̀tẹ́lẹ̀, dọ́là tuntun ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tò bí ewé ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mi orí: àwọn kì í gba owó ọwọ́ fún ìyẹn.

Bàbá yíjú sí mi. Wọ́n rọ ohùn wọn sílẹ̀ kí Màmá ọkọ má bàa gbọ́. "Ọmọ mi, ṣé a ò tíì sanwó ibí ni? Bó bá jẹ́ owó ni, ẹ jẹ́ kí n san án."

"Rárá o, Bàbá. A ti san gbogbo rẹ̀ tán. Owó ìdúró ni wọ́n ń béèrè, nítorí fóònù àti ohun tó wà nínú fíríìjì, bóyá ẹ ó lò ó. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Mo fa káàdì tèmi. Dọ́là 50 lóru kan lórí yàrá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dá dúró. Mo béèrè fọ́ọ̀mù tí ẹni tí kì í ṣe àlejò fi ń fọwọ́ sí i pé káàdì òun ni kí wọ́n lò, mo sì kọ ọ́ fún yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Houston dé lóru, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni wọ́n gbà. Káàdì gbèsè (credit card) ló yẹ kí ẹ lò fún irú èyí, ẹ má ṣe lo káàdì tó ń fa owó tààrà láti àkáǹtì. Lórí káàdì gbèsè, wọ́n á kàn dá owó náà dúró, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Lórí èkejì, owó oúnjẹ yín ni wọ́n há mọ́bẹ̀. Mo ti rí ẹni tó dé àárín Chicago láti Lágọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìwé pé ó ti sanwó yàrá, tó sì jókòó sí àga ibi àbáwọlé títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí kò ní káàdì tí wọ́n á gbà. Kò yẹ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àgbàlagbà. Ẹni tó bá ra yàrá fún wọn ló yẹ kó mójú tó o.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá fi ọgbọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá wa ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ sọ iye fún àna. Ṣùgbọ́n Bàbá ti ta aṣọ ní Gbági láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, ìbéèrè ọlọ́jà ni wọ́n ń bi mí, mi ò sì lè purọ́ fún wọn.

"Èló lẹ ra yàrá yìí?"

"Dọ́là 78 lóru kan, Bàbá. A ná an ni."

"Ẹni tó wà nínú yàrá kejì, èló ló san?"

"Ó lè jẹ́ 169."

Wọ́n wo ilẹ̀ díẹ̀. "Ilé ìtura yìí, ṣé wọ́n mọ̀ pé 78 lẹ dá?"

Mo ní wọn ò mọ̀. Wọ́n ti kọ iye tí àwọn lè gbà sínú ẹ̀rọ Priceline ní ìkọ̀kọ̀. Bí iye tí oníbàárà dá bá ti tó o, Priceline á tà á, á san iye ìkọ̀kọ̀ yẹn fún ilé ìtura, á sì mú èyí tó lé.

"Nítorí náà, ó lè jẹ́ 65 ni wọ́n fẹ́ gbà."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Aláròóbọ̀ ni wọ́n nìyẹn. Ó mọ iye tí olówó ọjà fẹ́, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n." Wọ́n rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn gidi. "Ogójì ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Mo ṣàlàyé fún wọn nípa agbègbè tí ò pọ̀ lọ́wọ́ wa, pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 40 lè ti ná gbogbo agbègbè rẹ̀ tán kó tó dé 78. Wọ́n gbọ́, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn ì bá fi ọjọ́ mélòó kan ná an, kí àwọn bẹ̀rẹ̀ ní 40 lónìí, kí àwọn padà wá lọ́la. Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání. Bí ẹni tó ń ra yàrá bá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan níwájú, tí ìlú náà ò sì kún, ohun tó yẹ kó ṣe nígbà náà nìyẹn. Àwa ò láyà láti dúró, nítorí bí ọjọ́ bá ti ń súnmọ́, yàrá mẹ́rin papọ̀ á máa ṣọ̀wọ́n sí i.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń lọ sí ilé ìtura ńlá kì í ronú sí. Ìràwọ̀ mẹ́rin kì í sábà ní oúnjẹ àárọ̀ nínú owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ilé ìtura kéékèèké ẹ̀bá títì ń fún àlejò ní búrẹ́dì, ẹyin àti tíì lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹ̀rọ ìgbóúnjẹgbóná nínú yàrá. Páàkì ọkọ̀ ní àárín ìlú sì lè ju 40 dọ́là lọ lóru kan, owó tó lè jẹ gbogbo ohun tí èèyàn ná gbà. A ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn yá ọkọ̀, àwa la ń gbé wọn. Láràárọ̀ ni Màmá wa ń di ọ̀gì gbígbóná sínú fúláàsì àti àkàrà sínú abọ́ onídèérí, tí a sì ń gbé e lọ fún Màmá ọkọ. Wọ́n ya fọ́tò ojú fèrèsé, odò tó ti di yìnyín wà lẹ́yìn wọn, abọ́ àkàrà lórí itan.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìdílé kan náà padà wá fún ìkómọjáde, inú oṣù keje. Wọ́n retí pé n óò tún ná an. Mo ná an. Chicago ní oṣù keje kì í ṣe Chicago oṣù kejì: ìlú kún fún àlejò, ilé ìtura ò ní yàrá tí wọ́n ń wá ẹni tó máa gbà á. Mo dá owó títí mo fi dé ibi tí kò ti jọ ẹ̀dínwó mọ́, wọ́n ń kọ̀ ọ́. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ gba ilé ìtura oníràwọ̀ méjì àti ààbọ̀ lẹ́yìn ìlú ní iye tí wọ́n kọ síta, tí mo lè fagi lé bí nǹkan bá yí padà, tí oúnjẹ àárọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Fún ọmọ tuntun àti ìyá ọkọ tó fẹ́ wà nítòsí rẹ̀, ó dára ju àárín ìlú lọ.

Ètò náà kò sí mọ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ní 2016 ni Priceline dáwọ́ rẹ̀ dúró fún tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, wọ́n sì fi ti ilé ìtura sílẹ̀ nígbà tó yá. Owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà ń wọlé láti ibòmíràn: wọ́n ti ra Booking.com láti 2005, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n ń jẹ́ báyìí, Booking Holdings, láti 2018. Ẹni tó ń fi Booking.com gba yàrá ní Lágọ́ọ̀sì tàbí Kútọnu ń bá àwọn tí à ń sọ yìí ṣòwò. Ohun tó kù fún ẹni tó ń wá ẹ̀dínwó lórí Priceline ni Express Deals: wọ́n ń kọ iye síta, wọ́n ń sọ agbègbè àti ìràwọ̀, wọ́n ń fi orúkọ pamọ́ títí ẹ ó fi sanwó. Ìdúnàádúrà ti kúrò níbẹ̀. Àìsí ìdápadà owó ò kúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì àti ti owó ìdúró ní kọ́ńtà.

Bí àna tàbí òbí bá ń bọ̀ láti ilé báyìí, tí mo bá ti sanwó tán, n óò pe ilé ìtura náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, n óò gba fọ́ọ̀mù káàdì, n óò fọwọ́ sí i, n óò dá a padà, n óò sì béèrè orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀dà rẹ̀ á ti dé orí fóònù àwọn àgbà náà kí wọ́n tó wọ bàálù ní Ìkẹjà.